Èèpo Ọ̀gànwó Tó Korò Jù

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé. Àga lè máà tó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í kún. Ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó gbọ́ tirẹ̀ náà, torí ọ̀rọ̀ ọmọ ni a fẹ́ sọ. Ẹni tí ìkòkò rẹ̀ wà lórí iná kó lọ sọ̀ ọ́. Ìtàn yìí gbóná ju ìkòkò lọ, kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi etí kan gbọ́.

Ìyá kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Kíkorò. Alágbàfọ̀ ni. Lójoojúmọ́, ẹ̀yìn ilé ọmọ rẹ̀ ni ẹ ó ti bá a, láàárín garawa mẹ́ta, okùn ìsáṣọ mẹ́rin lókè orí rẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Ó mọ aṣọ gbogbo èèyàn. Ó mọ ẹni tí kọ́là rẹ̀ máa ń dọ̀tí, ó sì mọ baálé ilé tó ń da ọbẹ̀ sára ṣẹ́ẹ̀tì bí ọmọ ọwọ́. Ẹ má bi mí léèrè baálé náà.

Ìyá yìí kì í gba ohun dídùn gbọ́. Tíì tí kò ní ṣúgà ló ń mu. Ó máa ń sọ pé ohun tó dùn, ẹ̀tàn ni, ṣùgbọ́n ohun tó korò kì í purọ́. Nínú gbogbo ohun kíkorò ayé, kò sí èyí tó fẹ́ràn tó èèpo ọ̀gànwó, èèpo igi ńlá pupa tí àwọn káfíńtà fi ń kan bẹ́ẹ̀dì àti àga.

Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí i ló ti kọ́ ọ. Bí ara bá gbóná, wọn a sè é. Bí inú bá ń run, wọn a rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Bí èèyàn bá ń lá àlákálàá, wọn a gún un mọ́ ọṣẹ, wọn a fi wẹ̀. Bí ọmọ titun bá sì wà nínú ilé, wọn a fi òwú pupa so ègé kan kọ́ àtẹ́rígbà, wọn a bá a sọ̀rọ̀ pé:

Kíkorò ni ìwọ korò, kòkòrò kì í jẹ ọ́.
Kí ara ọmọ yìí korò bí tìrẹ.
Bí ikú bá tọ́ ọ wò, kó tu ú dànù.
Bí àrùn bá tọ́ ọ wò, kó tu ú dànù.

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àbí? Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gan-an ni ọ̀fìn wà. Ìyá Kíkorò ti gbọ́ ọ títí tó fi gbà pé bí èèpo bá ṣe korò tó ni agbára rẹ̀ ṣe tó. Ahọ́n rẹ̀ ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Èèpo tí kò bá mú ahọ́n rẹ̀ súnkì, igi ìdáná ni lójú rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni káfíńtà tó ni ṣọ́ọ̀bù ní ìkángun òpópónà. Ìyàwó káfíńtà ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan ọkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì bí ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́rin, tí ìyá àgbà sọ ní Ọmọlójú, torí pé bó ṣe ń ṣọ́ ọmọlójú ara rẹ̀ ló ṣe ń ṣọ́ ọ.

Tíṣà àti ìyá ọkọ rẹ̀ kì í jà lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ ìsinmi, wọ́n máa ń sinmi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Tíṣà ti múra ibi iṣẹ́, ó bá Ọmọlójú tó ń jẹ òwú pupa lẹ́nu. Èèpo tó wà ní àtẹ́rígbà ló já bọ́. Tíṣà gba òwú náà lẹ́nu ọmọ, ó gbé èèpo, ó jù ú sínú ìkólẹ̀. Ojú Ìyá Kíkorò ló ṣe, pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ìfófòó ọṣẹ.

Ẹ ò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ síra wọn tán. Tíṣà ní ọmọ òun bì lóṣù tó kọjá lẹ́yìn tó mu àgbo. Ìyá ní àìsàn ló ń jáde. Tíṣà ní àìsàn kì í gba ẹnu jáde. Ìyá ní ṣé inú ìwé ló ti kà á ni. Káfíńtà ń bẹ nítòsí, ó ń wọn pákó kan tó ti wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹrin.

Níkẹyìn Tíṣà rẹ ohùn sílẹ̀, èyí sì burú ju ariwo lọ.

"Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àgbo bá tún kan ẹnu ọmọ mi, ẹ ó wá ibòmíràn gbé."

"Kí ìwọ tó mọ káfíńtà," ni ìyá dá a lóhùn, "àgbo ni mo fi tọ́ káfíńtà. Ohun tó o rí tó o fi fẹ́ ẹ, èèpo ló gbé e dúró."

Tíṣà lọ síbi iṣẹ́. Ìyá Kíkorò padà sídìí garawa. Ó fi ìbínú fọ búláòsì Tíṣà méjì lọ́jọ́ náà, bọ́tìnnì mẹ́ta ló já níbẹ̀, kò sì wá wọn.

Ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí èèpo titun tó wà nílé nígbà yẹn ti wá. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Elégbòogi, tó ń ta gbòǹgbò àti èèpo lábẹ́ páànù kan ní ẹ̀bá ọ̀nà ilé ìlagi, níbi tí ẹ̀rọ ti ń la ìtì igi sí pákó. Tẹ́lẹ̀, inú igbó ló ti ń bó èèpo rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá Kíkorò ra ìdì kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó dé ilé, ó fi ahọ́n kàn án, ahọ́n kò súnkì. Ó gbé e padà lọ bá a, ó dà á sí i lẹ́sẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà. Ó ní igi ìdáná ló ń tà fún aláìsàn, àti pé omi ìwẹ̀ lásán, èèpo yẹn kò lè mú un lọ́wọ́ọ́wọ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìtìjú bá Elégbòogi.

Lọ́sẹ̀ kejì ó mú òmíràn wá. Èyí fẹ̀, ó dúdú, ó ní ìlà funfun lẹ́yìn bí ọṣẹ tó gbẹ, ó sì ń rùn díẹ̀ bí epo. Ìyá Kíkorò fi ahọ́n kan etí rẹ̀. Ahọ́n súnkì, ètè kú tipiri, omi jáde lójú rẹ̀. Ayọ̀ dé.

Ó bi í níbo ló fi èyí pamọ́ sí látọjọ́ yìí. Nígbà tó bèèrè ibi tí òórùn náà ti wá, Elégbòogi ní epo ẹ̀rọ ilé ìlagi ló ta sí i. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ ìyá kan náà ni orúkọ èèpo àti epo, wọn ò lè pa ara wọn lára. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé èèpo kan dé tó korò bí ìyà. Wọ́n tò sábẹ́ páànù.

Kò sí ẹnìkan tó bèèrè ohun tó mú u korò.

Ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, Ọmọlójú jí pẹ̀lú ara gbígbóná. Tíṣà ti fẹ́ jáde. Ó fi ọwọ́ kan ọrùn ọmọ, ó sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé kó gbé e lọ sí ilé ìlera, kò ju ìrìn díẹ̀ lọ. Wọn á gún un ní ìka, wọn á wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bóyá ibà ni, wọn á sì fún un ní oògùn tó tọ́. Ó gbé káàdì ọmọ sórí tábìlì. Ó fi ife lé e lórí kí atẹ́gùn má gbé e lọ.

Ìyá Kíkorò wo káàdì yẹn. Ìbínú tó ti gbé mì lọ́jọ́ tí wọ́n ju èèpo dànù tún gòkè wá. Ẹni tó wẹ ọmọ ẹlòmíràn, tó tọ́ tirẹ̀, ọmọ àná ló wá ń gbé káàdì sílẹ̀ fún un bí iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó dáná, ó se èèpo náà títí omi rẹ̀ fi pọ́n dúdú. Ó ní kí Tíṣà tó dé, ara ọmọ á ti tutù, a ó sì mọ ẹni tó jẹ́ tíṣà nínú ilé.

Ọmọ pa ẹnu mọ́. Ìyá gbé e lé ẹsẹ̀, ó ń mì í, ó ń kọrin fún un:

Gbé e mì, ọkọ mi, gbé e mì,
Ohun tó korò ló ń lé ibà lọ.
Gbé e mì, ìyá mi, gbé e mì,
Ibà ò mọ̀nà ilé wa mọ́.

Ife kékeré méjì ló mu, pẹ̀lú ẹkún.

Aṣọ tí ìyá sá lẹ́yìn náà kò tíì gbẹ tí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ láìdúró. Ó bì, ó tún bì. Ẹran ara rẹ̀ ń jó wìnnìwìnnì lábẹ́ awọ. Ìyá pe orúkọ rẹ̀, ọmọ wo ìyá àgbà, ṣùgbọ́n ojú yẹn kò mọ ẹni tó ń wò.

Ìyá sáré pe káfíńtà. Kí wọ́n tó jáde, ìyá gé ègé èèpo kan, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, kó lè máa ṣọ́ ọmọ lójú ọ̀nà.

Tíṣà ló kọ́kọ́ dé ilé ìlera, torí wọ́n ti pè é lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì gba ọmọ lọ́wọ́ káfíńtà, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń bèèrè bó ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Kí ni ọmọ jẹ láti àárọ̀? Kí ló mu? Tíṣà ní búrẹ́dì díẹ̀ àti tíì. Nọ́ọ̀sì kọjú sí ìyá àgbà tó wà nílé pẹ̀lú ọmọ, ó ní ṣé kò sí nǹkan mìíràn.

Ìyá Kíkorò dákẹ́.

Ẹ má rò pé ẹ̀rù nìkan ló dí i lẹ́nu. Ẹ̀rù wà níbẹ̀ lóòótọ́: wọn á ní àjẹ́ ni, wọn á ní ó fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní májèlé jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ilẹ̀kùn ẹnu rẹ̀ pa gan-an ni ìbínú. Bó bá sọ ọ́, Tíṣà jàre. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, pé Tíṣà jàre, kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Ó tì í, ó tún padà. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ń gbọ̀n níwájú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì la ipénpéjú ọmọ, ó tan iná sí i. Ó ní ibà kọ́ ló ṣe èyí. Ọmọlójú rẹ̀ méjèèjì ti súnkì bí ihò abẹ́rẹ́. Ó nàró, ó wo gbogbo wọn lójú.

"Nǹkan kan wọ inú ọmọ yìí. Oògùn rẹ̀ lè wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n mi ò lè máa gún abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Mi ò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Bí ìjà bá wà nílé yín, ẹ jẹ́ kó dúró síta. Ẹni tó mọ ohun tí ọmọ mu, kó sọ ọ́ báyìí."

Ìyá Kíkorò wo ẹsẹ̀ ọmọ. Ẹsẹ̀ òsì ń ta bí ẹja tí wọ́n gbé jáde nínú omi. Ó tú etí ìró rẹ̀.

"Èmi ni. Èèpo ọ̀gànwó ni mo sè fún un. Ife kékeré méjì. Ègé rẹ̀ nìyí."

Tíṣà ṣí ẹnu, nọ́ọ̀sì na ìka sí i, ó pa á dé. Kí nọ́ọ̀sì tó gba èèpo náà, káfíńtà ti na ọwọ́ gbà á. Ó gbé e símú. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Òórùn ṣọ́ọ̀bù mi nìyí," ló wí. "Màmá, wọ́n ti kun èyí. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń kùn sára ìtì igi nílé ìlagi ni, kí kòkòrò má bàa lu ú kí wọ́n tó là á. Àmì búrọ́ọ̀ṣì ni ìlà funfun yìí. Ìbọ̀wọ́ ni àwa fi ń gbé e."

Kíkorò tó ti ń múnú ìyá dùn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kì í ṣe ti igi rárá.

Nọ́ọ̀sì kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó pariwo pe dókítà. Wọ́n bọ́ aṣọ ọmọ, wọ́n fi ọṣẹ àti omi wẹ ara rẹ̀, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń bá irú májèlé yẹn jà, wọ́n dúró, wọ́n tún gún un, títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀ tí èémí rẹ̀ sì wálẹ̀. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà: ibà wà níbẹ̀ lóòótọ́, oògùn oníhóró díẹ̀ ni ìbá ti lé e lọ láti àárọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Ọmọlójú bèèrè omi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bèèrè ẹni tó gbé bàtà òun. Ìgbà náà ni dókítà sọ fún wọn pé ó ti bọ́.

Nọ́ọ̀sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá àwọn obìnrin méjèèjì. Ó ti ṣe sùúrù títí iṣẹ́ fi parí. Nísinsìnyí ó bínú bó ṣe yẹ.

"Tíṣà, ẹ ní kí wọ́n má fún ọmọ ní àgbo, ẹ jàre. Ṣùgbọ́n ẹ fi lílé kúrò nílé dẹ́rù bà wọ́n. Ẹni tí a dẹ́rù bà kì í fi nǹkan sílẹ̀, ńṣe ló ń fi í pamọ́. Màmá, mo bi yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbọ́, ẹ dákẹ́. Bí ẹ bá tún dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́? Ẹ̀yin méjèèjì ń jà lé ọmọ lórí, ọmọ sì wà nílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ yín."

Tíṣà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó bínú sí ìyá ọkọ rẹ̀ débi pé kò lè wò ó. Ó sì bínú sí ara rẹ̀, èyí ò jẹ́ kó lè lé e. Ògiri ló kọjú sí sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ wọlé. Ẹ̀yin ni ọmọ ń bèèrè."

Ìyá Kíkorò wọlé lọ. Ó jókòó ti ọmọ, kò sì kọrin.

Nígbà tó jáde, ìbínú rẹ̀ ti rí ibi tó yẹ kó lọ. Ó padà sílé, ó gbé ọ̀pá tó fi ń ro aṣọ gbígbóná nínú agbada, ó sì kọrí sí abẹ́ páànù Elégbòogi. Káfíńtà ń sáré tẹ̀lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó rọra. Òṣìṣẹ́ kan láti ọ́fíìsì ìlera tẹ̀lé wọn pẹ̀lú, pẹ̀lú àpò ọ̀rá àti ìbọ̀wọ́.

Elégbòogi rí ọ̀pá kó tó rí ẹni tó mú un. Ìyá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un ní gbólóhùn mẹ́ta, ó gbé ọ̀pá sókè.

"Màmá," ni Elégbòogi wí, "èmi ò mọ̀ pé wọ́n kùn ún. Òkìtì èèpo wà lẹ́yìn ilé ìlagi, kò ní ọgbà, kò ní àmì, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ máa kó o. Ẹ̀yin lẹ da tinú igbó sí mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kò korò tó."

"O ò sì bèèrè ohun tó mú èyí korò?"

"Ẹ̀yin náà ò bi mí, Màmá."

Ọ̀pá dúró lókè. Ìyá kò lè sọ ọ́ kalẹ̀ sórí ẹni kankan, torí kò mọ orí tó tọ́ sí jù, ti Elégbòogi tàbí tirẹ̀. Ó jù ú sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera kó gbogbo èèpo tó kù sábẹ́ páànù sínú ọ̀rá. Ìgbà yẹn ló wá bèèrè ohun tó jẹ́ kí ara gbogbo wọn tutù: ta ni wọ́n ti tà á fún?

Elégbòogi ò mọ orúkọ, kò mọ ilé. Ó kàn ń rántí ojú. Ó ní obìnrin kan wà tó wọ gáwùn aláwọ̀ ọsàn. Kí ó tó parí ọ̀rọ̀ ni Ìyá Kíkorò ti ní, "Èyí tí sípù rẹ̀ já. Ilé kẹta sí kànga." Ó ní bàbá kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí àpò rẹ̀ ní àbàwọ́n yíǹkì. Ìyá ní awakọ̀ tó ti fẹ̀yìntì ni, òun ló fi bírò sápò láìdé e. Bí ọkùnrin náà ti ń pe aṣọ ni ìyá ń pe ilé. Èèyàn mọ́kànlá. Kò sí ìwé tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọwọ́ alágbàfọ̀ ló ṣe é.

Wọ́n kọrí sí ojúlé. Inú ń bí ìyá síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹni tí orin ti mọ́ lára, bó bá bínú, á fi orin bínú ni:

Ẹ kó o jáde, ẹ gbé e wá,
Èèpo tó korò ní àkorojù.
Igi kọ́ ló korò, májèlé ni,
Ẹ má fẹnu kàn án wò.

Àwọn kan kó o jáde kíá. Àwọn kan ń sé ilẹ̀kùn. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìntì ní òun ò ní kó tòun, torí látọjọ́ tí òun ti ń mu àgbo, èyí nìkan lòun mọ̀ pé ó wọ ara. Ó ní ó mú ahọ́n òun kú.

"Nígbà tí ahọ́n rẹ ti kú," ni Ìyá Kíkorò wí, "ṣé o fẹ́ kí ìyókù ara lọ sin ín ni? Na ọwọ́ rẹ kí n rí i."

Ó na ọwọ́. Ìka rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé. Awakọ̀ wo ìka ara rẹ̀ bí ẹni pé àlejò ni. Ó gbé èèpo jáde, ó sì tẹ̀lé wọn lọ sí ilé ìlera. Dókítà dá a dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Obìnrin tó ni gáwùn ti fi tirẹ̀ wẹ ọmọ ọwọ́. Wọ́n yẹ ọmọ náà wò, a dúpẹ́, kò ṣe é ní nǹkan. Kó tó di ọ̀sán, èèpo mọ́kànlá ti pé nínú ọ̀rá. Òṣìṣẹ́ ìlera ní wọn ò gbọdọ̀ dáná sun ún, torí èéfín rẹ̀ á tún wọ imú; wọn ò sì gbọdọ̀ dà á sómi. Ó dì í, ó gbé e lọ.

Ọ́fíìsì ìlera kan náà lọ sí ilé ìlagi. Ọ̀gá ibẹ̀ ní àwọn ò ta èèpo fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó da májèlé síta láìní ọgbà ti tẹ́ tábìlì fún ẹni tí kò mọ̀. Wọ́n mú kó ṣe ọgbà yí òkìtì náà ká, kó fi ọ̀dà pupa sàmì sára ìtì tí wọ́n bá kùn.

Lọ́jọ́ tí Ọmọlójú ti ń sáré káàkiri, àwọn ará àdúgbò péjọ sí àgbàlá ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Orí pákó tí wọ́n tò sórí búlọ́ọ̀kù ni wọ́n jókòó sí. Elégbòogi wá, ó jókòó lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì bá wọn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tó sọ fún wọn nìyí, ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, tiyín náà ni.

Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ má dúró wò ó. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti gún un ní ìka, tí wọ́n á ti mọ̀ bóyá ibà ni. Ọmọ kékeré kì í pẹ́ kí ibà tó ṣe é léṣe.

Kíkorò kọ́ ni oògùn. Ohun tó ń wòsàn lè korò, májèlé náà sì lè korò. Ahọ́n kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti bó èèpo pàápàá, kò mọ ìwọ̀n tí ara ọmọ lè gbà. Ẹ má fún ọmọdé tàbí aboyún ní àgbo láìbi oníṣègùn léèrè. Èyí tó bá ti ilé ìlagi wá, tó ń rùn bí epo, tó ní ìlà ọ̀dà lára, ẹ má fi wẹ̀, ẹ má sè é, ẹ má kọ́ ọ síbi tí ọwọ́ ọmọ lè dé.

Bí ẹnikẹ́ni bá mu ohun kan, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tó ń làágùn, tó ń bì, tí ẹran ara rẹ̀ ń jó, ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má fi ipá mú un bì, ẹ má fún un ní epo tàbí mílíìkì. Ẹ mú ohun tó mu dání, ẹ sọ òótọ́, ẹ sọ ìwọ̀n rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kì í ṣe adájọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má bá àgbà sọ̀rọ̀ débi pé yóò máa fi nǹkan pamọ́ fún yín. Ẹ̀yin àgbà, bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́. Ìbínú lè dúró de òní, kó dúró de ọ̀la. Èémí ọmọ kì í dúró.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì parí, Elégbòogi dìde lẹ́yìn, ó ní láti òní, bí òun ò bá mọ igi tí èèpo ti wá, òun ò ní tà á. Ìyá Kíkorò ní àwọn á máa wò ó. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn.

Tíṣà àti ìyá ọkọ rẹ̀ ti dáná láti àárọ̀, wọ́n sì jà lórí iyọ̀ títí ìrẹsì fi jinná. Wọ́n bù ú pẹ̀lú ẹ̀wà àti ẹja fún gbogbo èèyàn, kò sí ẹni tó jẹ lẹ́ẹ̀kan tí kò tún na àwo. Ọmọdé jẹ, àgbà jẹ, Elégbòogi gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ìyá, nọ́ọ̀sì tún bèèrè kún un. Lẹ́yìn náà, oníkálukú nu ẹnu, ó gbé ọmọ rẹ̀ kọ́ èjìká, wọ́n kí ara wọn pé ó dàárọ̀, wọ́n sì gba ilé lọ ní yíyó, pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀.